Láti Mile 2 dé Màrínà: ọjọ́ kan lójú irin oníná

Bọ́ọ̀sì oníwáyà, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní trolleybus, kò sí ní Nàìjíríà, kò sì wọ ilẹ̀ wa rí. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Inú ìwé àwòrán kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Pónyàn, nílẹ̀ Yàgbà, ni mo ti kọ́kọ́ rí i: bọ́ọ̀sì tó yọ ọ̀pá méjì lórí bí ìwo ẹtu, ọ̀pá náà sì gùn lọ kan wáyà tí wọ́n ta sókè títì. Kò rú èéfín, iná mànàmáná ló ń jẹ. Berlin ni Werner von Siemens ti gbé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1882. Leeds àti Bradford bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́jọ́ kan náà ní 1911, Bradford ló sì lò ó pẹ́ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di 1972. Ní Áfíríkà, Johannesburg lò ó láti 1936 títí di 1986. Marrakech ní Mòrókò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2017 ni: bọ́ọ̀sì náà ń jẹ iná lára wáyà ní apá kan ọ̀nà, ó sì ń fi bátìrì parí ìyókù.

Èmi ò tíì fojú kan ọ̀kan nínú wọn. Ohun tó sún mọ́ ọn jù tí ẹni tó ti Yàgbà wá lè wọ̀ láìgba físà ni Blue Line ti Èkó, ọkọ̀ ojú irin tó ń fi iná mànàmáná rìn láti Mile 2 dé Màrínà, kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún. Ọjọ́ iṣẹ́ kan gbáko ni mo yà sọ́tọ̀ fún un. Bó ṣe lọ nìyí, wákàtí sí wákàtí.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí

Ilé àbúrò mi ní Festac ni mo sùn sí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ilé ìwé wọn wà nínú ìsinmi, ló kan ilẹ̀kùn mi. "Dádì Pónyàn, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ní a ò gbọdọ̀ pàdánù ti àkọ́kọ́." Ó ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà. Àbúrò mi fẹ́ kí a jẹun ká tó jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní aago kan pàtó kì í dúró de ẹ̀kọ.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀

Lábẹ́ afárá Mile 2, ọjọ́ ti mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn dánfó tò lọ súà, kọ̀ǹdọ́ ń pe Oshòdì, wọ́n ń pe Ìyànà-Ìbà, àwọn alákàrà ti gbé epo kaná. A gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin lọ sókè, ariwo náà sì ń dín kù bí a ṣe ń gòkè.

Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ èrò níbẹ̀. Káàdì Cowry ni gbogbo ènìyàn ń lò, ọ̀kan náà tí wọ́n ń lò nínú bọ́ọ̀sì BRT àti nínú ọkọ̀ ojú omi ìjọba. Náírà 750 ni wọ́n dá lé ìrìn láti Mile 2 dé Màrínà nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀, náírà 375, ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, nítorí pé epo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbówó lórí lọ́dún yẹn, 2023. Obìnrin tó ń ta káàdì náà gbọ́ bí mo ṣe kí i, ó gbójú sókè.

"Bàbá, ará Kàbbà ni yín, àbí?"

"Yàgbà ni mí. Pónyàn."

"Ọ̀kun o! Ìsánlú ni ọkọ mi."

"Ọ̀kun o, ìyàwó wa. Ilé ńkọ́?"

Ìyẹn ni pé kí n tó rí ọkọ̀ ojú irin, mo ti rí aya ilé.

Aago márùn-ún ààbọ̀

Ìlẹ̀kùn pa dé lẹ́ẹ̀kan náà lára gbogbo ọkọ̀ náà, ó sì gbéra. Àga tó ṣófo pọ̀ gan-an ju èyí tí ènìyàn jókòó sí. Àwọn olùṣọ́ tó ń re ilé lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, àwọn obìnrin méjì tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan tó ti ń sùn padà, àti àwa.

Ohun tí mo wá wò gan-an nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ní Pónyàn, ẹni tó bá ń lọ sí Ìsánlú tàbí Kàbbà á dé gáréèjì ní aago méje. Ọkọ̀ á gbéra nígbà tó bá kún. Ó lè jẹ́ aago mẹ́jọ, ó lè jẹ́ mọ́kànlá. Ìyá tó gbé ọmọ tó ní ibà sórí ẹsẹ̀, tó ń lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀gbẹ̀, á máa wo ojú ọ̀nà bóyá á rí ẹnì kan tí kò mọ̀ rí, tó máa wá jókòó sí àga tó kù. Mi ò dá awakọ̀ lẹ́bi rárá. Àga kan tó ṣófo ni èrè rẹ̀ lọ́jọ́ náà, elépo kò sì gbà kí ó rà á láwìn. Àmọ́ gbogbo ètò ìgbésí ayé wa la ti fi sọ́wọ́ àga tó ṣófo yẹn: ìgbà tí olùkọ́ máa dé kíláàsì, ìgbà tí iṣu máa dé ọjà, ìgbà tí aláìsàn máa dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọkọ̀ tí a wà nínú rẹ̀ yìí gbéra nítorí pé aago lù. Ẹnì kan ló ń san owó àwọn àga òfìfo náà, ẹni náà sì ni ìjọba ìpínlẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo ará Èkó ló jọ ń san án. Lójú tèmi, ìyẹn ni ọkọ̀ èrò. Iná, irin, àti ìlẹ̀kùn tó ń dá ara rẹ̀ tì, wọ́n dára, mo fẹ́ràn wọn dé góńgó, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe pàtàkì tó kí ọkọ̀ lọ nígbà tó ní òun máa lọ.

Lójú ọ̀nà, títí di nǹkan bí aago mẹ́fà

Ẹ́ńjìnnì oníná kì í bú. Bí ó ṣe ń yára ni dídún rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, á fò láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn, á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọkọ̀ bá ti ń fi eré tó ti kó jọ rìn. Mo dijú kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Sùúrù-Àlàbá kọjá. Orílé kọjá.

"Dádì, kí ló dé tí bọ́ọ̀sì yín yẹn fi nílò wáyà méjì, tí ọkọ̀ yìí ò sì ní wáyà kankan lórí?"

Mo ní kó wo ilẹ̀ bí a bá dé ibùdókọ̀ tó kàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin méjèèjì tí táyà irin ń rìn lórí wọn, irin kẹta wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé ga díẹ̀ sí ilẹ̀. Òun ni ó ru iná, folti 750. Bàtà irin kan tó yọ lábẹ́ ọkọ̀ ń gbá a lára bí ó ṣe ń lọ, iná sì ń gba ibẹ̀ wọlé sínú ẹ́ńjìnnì. Iná kì í wá kó má padà: ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà tó máa gbà lọ sí ibi tó ti wá. Táyà irin ló fún un ní ọ̀nà ìpadà, sínú irin tí ọkọ̀ ń tẹ̀. Bọ́ọ̀sì ò ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rọ́bà ni táyà rẹ̀, rọ́bà kì í sì jẹ́ kí iná kọjá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ta wáyà kejì sókè, ọ̀kan fún wíwá, ọ̀kan fún lílọ, ọ̀pá méjì sì di dandan. Agbára iná wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, folti 600 sí 750 ni púpọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì náà ń lò. Ìbátan ni wọ́n.

Ọmọ náà ronú sí i. "Tí ènìyàn bá wá tẹ irin kẹta yẹn ńkọ́?"

Ó máa kú. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi pariwo títí fún àwọn tó mọ́ lára láti máa sáré sọdá ojú irin. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà náà fún èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023, irin kẹta ò tíì ní iná, ẹ́ńjìnnì oní-dísù ló ń fa ọkọ̀, ìrìn rẹ̀ lójúmọ́ ò sì pọ̀. Oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà ni wọ́n tó tan iná sí i, tí ìrìn sì wá di léraléra láti ìdájí títí di alẹ́.

Lẹ́yìn ibùdókọ̀ National Theatre, ọkọ̀ náà gòkè, ó yà, ó sì bọ́ sórí omi. Mo ti rí àwòrán ibẹ̀ púpọ̀. Àwòrán ò sọ fún mi pé ọkàn ènìyàn máa fò sókè. Òkùnkùn ṣì wà, iná àwọn ọkọ̀ òkun ní Àpápá ń tàn lójú ọ̀sà, a sì ń kọjá lókè wọn láìsí ẹni tó ń fun fèrè.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, Màrínà

Oòrùn yọ nígbà tí a wà lẹ́yìn Kàtídírà. A ra búrẹ́dì àti àkàrà, a jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn, nítorí ibi tí a jókòó sí yẹn, ọkọ̀ ojú irin ti dé ibẹ̀ rí.

Ní 1902 ni ìjọba àwọn òyìnbó ṣí ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tó ń fi ooru omi rìn láti Ìdó, tó gba orí Afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó. Kò tíì pé ọdún méjìlá tí wọ́n fi dá gbígbé èrò dúró. Ohun tí wọ́n ń fi ojú irin náà kó lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ìgbẹ́ ìlú, títí di 1933 tí wọ́n tì í pátápátá.

Ó di ayé Lateef Jakande, gómìnà láti 1979 títí di òpin 1983, kí ẹnikẹ́ni tó tún fọwọ́ gidi mú ọkọ̀ ojú irin fún àwọn ará ìlú Èkó. Metroline ló pè é. Wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ Faransé, owó ti jáde. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé e ní 1985, Èkó sì pàdánù ohun tó ju mílíọ̀nù 78 dọ́là lọ láìrí ojú irin kan ṣoṣo. Buhari kan náà, tó ti di ààrẹ tí a dìbò yàn, ló wá sí Màrínà ní ọjọ́ 24 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023 láti ṣí Blue Line. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fagi lé ti Jakande ń di ẹni ọdún 38 lọ́dún náà. Jakande fúnra rẹ̀ ti kú ní oṣù Èrèlé 2021. Ó dùn mí títí di òní pé kò wọ ọkọ̀ yìí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà, mo sì ní kó má gbàgbé orúkọ náà.

Kì í ṣe pé Blue Line pàápàá yá. Láyé Babátúndé Fáṣọlá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní 2010, ilé iṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà ló sì gbaṣẹ́. Ó kọjá lọ́wọ́ Akínwùmí Àńbọ̀dé, kó tó parí lọ́wọ́ Babájídé Sanwó-Olú. Láàárín ìgbà kan, ọkọ̀ ògbólógbòó ti Toronto ní Kánádà ni wọ́n fẹ́ kó wá, irú tí wọ́n ń pè ní H5, tó ti ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ láti bí 1976. Èmi tí mo fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ ì bá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò dé. Ọkọ̀ tuntun láti CRRC Dalian ló dé.

Aago mẹ́jọ

A padà wọ ọkọ̀ lọ sí Mile 2, lòdì sí ibi tí èrò ń lọ. Ọkọ̀ tiwa fúyẹ́. Èyí tó ń bọ̀ láti Mile 2 kún dé ẹnu ọ̀nà, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a rí ojú àwọn ènìyàn nínú gíláàsì rẹ̀ fìrí: èyí ń ka Bíbélì, èyí ń kun ètè, èyí ń sùn lórí ìdúró.

Ní Orílé a sọ̀kalẹ̀, a dúró síbi tí a ti lè rí títì Badagry dáadáa. Sún-kẹẹrẹ ti dì. Dánfó kan dúró gbọnrangandan níwájú wa, kọ̀ǹdọ́ rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ó ń bá ọlọ́kadà jiyàn, ó ń jẹ gúgúrú. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ti pa fóònù wọn dé, wọ́n kàn ń wò. Ọkọ̀ ojú irin kan wá, ó dúró, ó lọ. Òmíràn tún wá lẹ́yìn rẹ̀, ó tún lọ. Dánfó náà ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó nílò kí n ṣàlàyé ohunkóhun fún un.

Aago mẹ́wàá

Ibùdókọ̀ National Theatre. Ilé ńlá tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ de FESTAC 77, tí wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ lára ilé kan ní Varna ní Bulgaria, ti ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká láti 2024. Ó dára ní wíwò láti orí ojú irin ju láti ilẹ̀ lọ. A ò pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀sán

Ìrẹsì àti ẹ̀wà ní CMS. Oòrùn mú.

Aago kan ààbọ̀, Ọ̀yìngbò

A wọ bọ́ọ̀sì BRT kọjá sí òkè odò láti wo Red Line, ọ̀nà ojú irin Èkó mìíràn. Kò yẹ kí n wá sí Èkó kí n má dé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí iná nínú rẹ̀: dísù ló ń jẹ. Kìlómítà 27 ni, láti Agbádó gba Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Oshòdì, Múṣín àti Yábàá dé Ọ̀yìngbò. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù Èrèlé 2024, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà.

Ìtàn àwọn ọkọ̀ rẹ̀ wú mi lórí. Talgo ti Sípéènì ló ṣe wọ́n fún ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n máa rìn láàárín Milwaukee àti Chicago. Ìbò dé ní 2010, gómìnà mìíràn wọlé, ó ní òun ò fẹ́ wọn. Wọ́n wà nípamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí Èkó fi lọ rà wọ́n ní 2022. Ohun tí ìpínlẹ̀ kan kọ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń gbé ará Agége lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Mo wo ẹ̀gbẹ́ wọn títí, bí wọ́n ṣe kúrú tí wọ́n sì lọ sílẹ̀ mọ́ ojú irin, irú èyí tí mi ò rí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Ojú irin kan náà ni Red Line àti ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ìjọba àpapọ̀ jọ ń lò, nítorí náà ìrìn rẹ̀ ò lè pọ̀ bíi ti Blue Line tó ní ojú irin tirẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù ọ̀kan níbí máa dúró pẹ́. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà sọ ọ́ ní kúkúrú pé ọkọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn há aago rẹ̀ sórí.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Màrínà lẹ́ẹ̀kan sí i

Èrò ti dé. Láti Bróòdù, láti Ìdúmọ̀tà, láti ilé ìfowópamọ́ gbogbo, wọ́n ń bọ̀ bí omi. Wọ́n ń fi káàdì kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ ń dún, ilẹ̀kùn kékeré ń ṣí. Bàbá àgbàlagbà kan ò rí bí òun ṣe máa kan tirẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ fi ojú rẹ̀ délẹ̀," ó sì bá a mú un. Kò sí ẹni tó ti ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí, torí àwọn ará wa nílé gbà pé ará Èkó ò mọ ìlà tò. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn èyí kì í fi ìgúnpá wọlé.

Ó ti rẹ ọmọ náà. Ó ní òun fẹ́ kàwé lórí iná mànàmáná tó bá dé yunifásítì. Mo rọra gbọ́ ọ, mi ò dá sí i.

Aago méje kọjá, Mile 2

Lórí ìdúró ni a wà láti Màrínà, pẹ̀lú ìyá kan tó gbé àpò aṣọ tó tà kù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo àlàyé tí mò ń ṣe fún ọmọ náà. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ó dúró dè mí.

"Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rélùwéè, ìgbà wo ni wọ́n máa dé Òkòkó?"

Mo sọ ohun tí mo mọ̀. Ìpele kejì nìyẹn, kìlómítà 14, láti Mile 2 níbí gba Festac, Alákíjà, Trade Fair, Volkswagen àti LASU dé Òkòkómáìkò. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá parí, gbogbo rẹ̀ á di kìlómítà 27.

"Kí wọ́n jọ̀ọ́ yára," ó ní. "Aago mẹ́rin ni mò ń jí, Bàbá. Ọkọ̀ ojú irin yìí ò ṣe mí ní nǹkan. Mile 2 sí ilé ni wàhálà mi."

A bá a gbé àpò rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, a sì bá a dé ìdí dánfó tó ń lọ sí Òkòkó. Kọ̀ǹdọ́ ní ó ku ènìyàn mẹ́rin. Ìyá náà wọlé, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò, ó gbé àpò lé itan. Ọmọ àbúrò mi fẹ́ ra gúgúrú, nítorí náà a dúró. Ẹnì kan wọlé. Ó pẹ́ kí ẹlòmíràn tó wọlé. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ mu omi. A jẹ gúgúrú tán, a ra ọsàn, a jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ẹni kẹrin dé tí dánfó náà sì gbéra, ìyá náà ti jókòó nínú rẹ̀ pẹ́ ju àkókò tí ọkọ̀ ojú irin fi gbé wa láti Màrínà kọjá ọ̀sà dé Mile 2 lọ, ilé rẹ̀ sì ṣì wà níwájú.